Albert Howard: Onímọ̀ tó lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ Íńdíà níṣẹ́, tó wá jẹ́ pé àwọn ló kọ́ ọ

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Albert Howard síṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1905, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rán an níṣẹ́ ni pé kó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tún iṣẹ́ ọ̀gbìn ibẹ̀ ṣe. Ọ̀mọ̀wé ni, ó kàwé dójú àmì, ó sì mọ àwọn àrùn tó ń pa irúgbìn bí ẹni mowó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé, láàárín ọdún márùn-ún péré, ọkùnrin náà yóò di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ọ́kọ, tí wọn kò mọ̀ọ́kà. Ohun tó sì kọ́ lọ́wọ́ wọn ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn àgbẹ̀ tó pa oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀ inú àpò tì káàkiri ayé ṣì ń dárúkọ títí dòní.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, ọdún 1873 ni wọ́n bí Howard ní Bishop's Castle, ìlú kékeré kan ní àgbègbè Shropshire, ní Ìlú Ọba. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, inú oko ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ti mọ erùpẹ̀ kó tó mọ gègé. Ó kàwé ní London, láti ibẹ̀ ló bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ St John's ní Yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1896, ó yege nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ipò àkọ́kọ́, nígbà tó sì di ọdún 1897, ó tún gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn.

Ní ọdún 1899, wọ́n gbé e lọ sí Barbados, ní erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, níbi tí ìrèké ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti ṣe ìwádìí àwọn àrùn tí olú tíntìntín ń fà sára ìrèké. Inú yàrá ìwádìí ló wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń fi awò amúǹkantóbi wo ewé àti ẹ̀ka tó ti kú. Ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn níbẹ̀. Ó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ohun tí wọn yóò ṣe, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan tó lè dán ìmọ̀ràn náà wò sí. Ó rí i pé ẹni tí kò dáko rí kò yẹ ní ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún àgbẹ̀.

Ó padà sí Ìlú Ọba, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Wye, ní Kent, láti ọdún 1903 sí ọdún 1905. Ewéko hops tí wọ́n fi ń pọn ọtí bíà ló gbájú mọ́. Ó ti di àṣà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti máa hú akọ ewéko náà dànù, kí abo nìkan ṣẹ́ kù. Howard dá akọ padà sínú oko, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn abo tó rí akọ tètè gbó, kòkòrò kò sì yọ wọ́n lẹ́nu tó ti tẹ́lẹ̀. Òye kan là sí i níbẹ̀: bí èèyàn bá ba ètò ìṣẹ̀dá jẹ́, àrùn ni yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ọdún 1905 náà ló fẹ́ Gabrielle Matthaei, obìnrin tó jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko láti Cambridge, tó ti lórúkọ nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Ìyàwó yìí kì í ṣe ẹni tó jókòó sílé ní tirẹ̀. Inú oko àti inú yàrá ìwádìí kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń wà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n gbé jáde. Nígbà tó di ọdún 1913, ìjọba fún un ní ipò tirẹ̀, ó di igbákejì ọkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Pusa, ní ẹkùn Bihar, ni wọ́n gbé wọn sí. Howard bèèrè fún ilẹ̀ tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dá, wọ́n sì fún un ní éékà 75. Kí ó tó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ wo oko àwọn ará abúlé tó yí i ká. Ìyanu ló jẹ́ fún un. Àwọn àgbẹ̀ yìí kò ní ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ oògùn apakòkòrò, wọn kò sì ra ajílẹ̀ kankan lọ́jà, síbẹ̀ irúgbìn wọn yọ̀, àrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú. Wọ́n ń gbin oríṣiríṣi irúgbìn pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í wọ́n láàárín ọkà, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí ilẹ̀ sinmi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Howard pinnu pé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ni yóò jẹ́ olùkọ́ òun. Ó sì fi olùkọ́ kejì kún un, ìyẹn kòkòrò àti àrùn fúnra wọn. Lójú tirẹ̀, kòkòrò tó bo ewé dà bí akéde tó ń sọ fún àgbẹ̀ pé nǹkan kan ti wọ́ nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá pa akéde láìgbọ́ iṣẹ́ tó jẹ́, ó ti ṣe ara rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ó pa ìwé tì. Òun àti Gabrielle yan irúgbìn àlìkámà tó dára, wọ́n sì mú àwọn oríṣi tuntun jáde, bíi Pusa 4 àti Pusa 12, tí wọ́n tàn káàkiri oko Íńdíà. Nígbà tí ewéko aró kan tí wọ́n mú wá láti Java bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nínú oko àwọn òyìnbó ní Bihar, àwọn kan ń wá kòkòrò tó ń pa á. Tọkọtaya yìí gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fọ gbòǹgbò ewéko náà mọ́, wọ́n sì wò ó fínnífínní. Ohun tí wọ́n rí ni pé omi ló dúró sínú ilẹ̀, tí atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọlé, tí gbòǹgbò sì ń kú. Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro ti wá, ewé ló kàn fi í hàn.

Irú nǹkan báyìí tún ṣẹlẹ̀ ní Quetta, níbi tí wọ́n ti ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́nu iṣẹ́ lórí igi eléso. Howard mọ̀ọ́mọ̀ bomi rin àwọn igi kan kọjá ààlà nígbà òtútù. Nígbà tí ewé tuntun yọ, kòkòrò wẹẹrẹ bo wọn. Dípò kó fọ́n oògùn sí wọn, ó ní kí wọ́n tú ilẹ̀ ìdí igi náà jinlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ewé tó yọ lẹ́yìn èyí mọ́ tónítóní, kòkòrò kò sì kúrò lára ewé àtijọ́ bọ́ sára tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹ̀ka kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ìtàn tí àwọn èèyàn sì fi ń dá a mọ̀ jù ni ti akọ màlúù rẹ̀. Ó ní màlúù tó fi ń túlẹ̀ ní Pusa, ohun tó hù lórí ilẹ̀ tó ti bọ́ dáadáa ló sì fi ń bọ́ wọn. Àrùn ẹnu àti ẹsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran àwọn aládùúgbò, ọgbà kúkúrú lásán ló sì wà láàárín, débi pé àwọn ẹran méjèèjì ń forí kan ara wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n gún ẹran òun lábẹ́rẹ́, kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí àrùn náà mú. Àkíyèsí yìí lágbára lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n fi ẹran mìíràn díwọ̀n rẹ̀, àwọn dókítà ẹran kò sì gbà pé oúnjẹ nìkan lè dènà àrùn náà.

Kí ẹ̀kọ́ Howard tó lè yéni, ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó ń lọ nígbà náà. Láti ọdún 1840 tí Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, ti gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí oúnjẹ ewéko, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé bí wọ́n bá ti dá àwọn èròjà bíi naitrójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ́táṣíọ́ọ̀mù padà sínú ilẹ̀, ó ti parí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń mú naitrójìn láti inú afẹ́fẹ́ fi ṣe àdó olóró ń wá ọjà mìíràn fún un, àgbẹ̀ ni wọ́n sì yíjú sí. Howard kò jiyàn pé ajílẹ̀ inú àpò ń mú irúgbìn yára dàgbà. Ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀ ní ẹ̀mí. Ekòló ń bẹ nínú rẹ̀, olú tíntìntín ń bẹ níbẹ̀, àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Oúnjẹ àwọn wọ̀nyí ni ewé tó jẹrà àti ìgbẹ́ ẹran. Àgbẹ̀ tó bá bọ́ ewéko tó fi ebi pa ilẹ̀ ń jẹ owó ìdókòwò ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ní Pusa mu. Níbẹ̀, onímọ̀ kẹ́míkà wà lọ́tọ̀, onímọ̀ kòkòrò wà lọ́tọ̀, ti àrùn ewéko náà sì wà lọ́tọ̀, kálukú ló ń ṣọ́ ààlà tirẹ̀. Howard ń wá ibi tí wọn yóò ti wo irúgbìn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tó ti hù, ẹran tó ń jẹ ẹ́ àti àgbẹ̀ tó gbìn ín. Ìjà náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1924, òun àti ìyàwó rẹ̀ rí ilé ìwádìí tiwọn dá sílẹ̀ ní Indore, ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Ìjọba ìbílẹ̀ Indore fún wọn ní éékà 300, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀gbìn òwú ní Íńdíà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Indore ni wọ́n ti ṣe ohun tó sọ orúkọ Howard di ńlá. Òun àti Yeshwant Wad, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Íńdíà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá ọ̀nà tí wọn yóò fi sọ pàǹtírí oko di ajílẹ̀ ààtàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní kọ́ḿpóòsì. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 14, tí kò sì jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Wọ́n ń to nǹkan sínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele: koríko, ewé àti pòròpórò yóò ṣáájú, ìgbẹ́ màlúù yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni erùpẹ̀ tó ti mu ìtọ̀ ẹran pẹ̀lú eérú igi díẹ̀. Bí ohun tó ti ara ewéko wá bá tó ìdá mẹ́ta, ti ẹran yóò jẹ́ ìdá kan. Pòròpórò òwú le bí igi, nítorí náà wọ́n ń tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ ẹrù máa gorí rẹ̀ títí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n á bu omi wọ́n ọn kó lè rin, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rin gbìndìn, nítorí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ráàyè wọlé. Bí òjò bá dé, wọn kì í lo kòtò mọ́, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ sí kí omi má baà mù ún.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú òkìtì náà yóò gbóná, ooru rẹ̀ a sì máa tó ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Ooru yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ èso igbó àti kòkòrò àrùn tó bá wà nínú ìgbẹ́. Olú tíntìntín ló ń kọ́kọ́ jẹ àwọn ohun tó le, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn yóò sì parí iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa yí i padà láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, ohun tó ń rùn tẹ́lẹ̀ ti di erùpẹ̀ dúdú rírọ̀ tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Àgbẹ̀ kò ná kọ́bọ̀ ra èròjà kankan. Ohun tó ń sun níná tẹ́lẹ̀ ló di ọrọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdún 1930 ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Gabrielle kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Howard fẹ̀yìn tì, ọdún náà sì ni òun àti Wad gbé ìwé The Waste Products of Agriculture jáde, èyí tó ṣàlàyé ọ̀nà Indore fún gbogbo ayé. Ó fẹ́ Louise, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó dolóògbé, ẹni tó dúró tì í títí dópin. Nígbà tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ ọ̀nà Indore fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí òwú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Howard gbà pé ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ kò fara sin. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé ilẹ̀ tó bọ́ ń dín àrùn òwú kù, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun lè dohun àtijọ́.

Àwọn àgbẹ̀ ni kò dúró de àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1933, wọ́n ti ń lo ọ̀nà Indore ní oko kọfí ní Kẹ́ńyà, láìpẹ́ sí i, àwọn olóko tíì ní Íńdíà àti Ceylon gbà á. Mahatma Gandhi náà lọ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà ní Indore ní ọdún 1935. Ọdún 1934 ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè dá Howard lọ́lá, tó di Sir Albert Howard. Ní oṣù kẹta ọdún 1939, àwọn dókítà àgbègbè Cheshire pe ìpàdé kan ní Crewe lórí ìbátan tó wà láàárín ilẹ̀, oúnjẹ àti ìlera èèyàn, Howard sì wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1940 ló wá gbé ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù jáde, An Agricultural Testament.

Inú ìwé yìí ló ti kọ ọ́ pé nígbà tó fi di ọdún 1910, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbin irúgbìn tó le koko láìlo ajílẹ̀ àtọwọ́dá, ẹ̀rọ ìfọ́noògùn tàbí oògùn apakòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà nínú, wọ́n ní kò fi ìwọ̀n àti ìṣirò tó péye gbe ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, Howard ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí àrùn tí ilẹ̀ tó dára kò lè ṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kòkòrò ló wà tó ń jẹ irúgbìn tó yọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ èyí tó rọ. Ṣùgbọ́n ohun pàtàkì tó tẹnu mọ́, pé ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ ló ń gbé irúgbìn ró, kò sí onímọ̀ ilẹ̀ tó ń jiyàn rẹ̀ lónìí.

Àwọn mìíràn gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Lady Eve Balfour kọ ìwé The Living Soil ní ọdún 1943, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Soil Association sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1946. Ní Amẹ́ríkà, J. I. Rodale dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ lọ́dún 1942 lórí ọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà, Howard sì bá a lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Howard kò wọ ẹgbẹ́ Balfour. Ọlọ́rọ̀ líle ni, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi la ọ̀rọ̀ òun. Ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá, ọdún 1947 ló jáde láyé ní London, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Kó tó kú, oògùn DDT ti jáde sọ́jà fún gbogbo èèyàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1945, tí wọ́n ń fọ́n ọn sí oko àti ilé bí ẹni ń wọ́n omi. Ọdún 1962 ni Rachel Carson kọ ìwé Silent Spring, tó fi han aráyé bí oògùn náà ṣe ń pa ẹyẹ àti ẹja tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà fi òfin de lílò rẹ̀ lóko. Àwọn tó ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ padà sí ìwé Howard. Láti ara ajílẹ̀ ààtàn ni àwọn kan ti wá ń ṣe omi rẹ̀: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì wọ́n ọn sí ewé tàbí ìdí irúgbìn. Àbájáde ìwádìí lórí omi yìí kò dọ́gba. Ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn àrùn kan, kò ṣe ohun kan lórí àwọn mìíràn. Bí ìgbẹ́ inú rẹ̀ kò bá sì gbóná dójú àmì, ó lè gbé kòkòrò àrùn sórí ẹ̀fọ́ tí èèyàn ń jẹ ní tútù. Òkìtì tí wọ́n fi sùúrù ṣe, tó pé oṣù mẹ́ta bí Howard ṣe ní kó pé, ni ìdí gbogbo rẹ̀.

Àwọn onítàn ti tọ́ka sí i pé ìgbà tí Howard dàgbà tán ló tó gbé oríyìn kíkún fún àwọn àgbẹ̀ Íńdíà, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ipa tí Gabrielle àti Wad kó. Òótọ́ ni. Louise gbìyànjú láti tún un ṣe nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1953 lórí iṣẹ́ wọn ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ tó lè rẹ ara wọn sílẹ̀ débi pé wọn yóò jókòó ti àgbẹ̀ aláìmọ̀wé kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tó mọ̀. Howard ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ rí i pé ààtàn tí gbogbo ayé ń dí imú kọjá lára rẹ̀ ni oúnjẹ ilẹ̀ wà.